Èròjà àti Orísun nínú Àfarawé Pápá Adúró: Wáyà Iná Ńlá ti Ṣágámù gẹ́gẹ́ bí Àpẹẹrẹ

Nínú ọ̀pọ̀ ìwé sáyẹ́ǹsì tí a fi Yorùbá kọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ń lò fún ohun tí a fi ń dáná, fún ohun tí ó ń tan gílóòbù, àti fún ohun tí ó ń gbọn ènìyàn nígbà tí ó bá fọwọ́ kan wáyà. Ọ̀rọ̀ náà ni iná. Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọdé lè fi èdè abínibí rẹ̀ kọ́ sáyẹ́ǹsì, kí ó sì yé e yékéyéké. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984 sì pèsè ìperí fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ẹ̀kọ́ iná àti òòfà ti ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò sí lára iṣẹ́ tí ìwé náà dáwọ́ lé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń há olùkọ́ àti ògbufọ̀ lẹ́nu lónìí, nítorí pé kọ̀ǹpútà ni a ń gbé ìṣirò irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fún, kọ̀ǹpútà kò sì mọ ohun tí a ní lọ́kàn. Ohun tí a bá sọ fún un ni ó mọ̀.

Ohun méjì pàtàkì ni kọ̀ǹpútà máa ń béèrè kí ó tó ṣe àfarawé pápá iná tàbí pápá òòfà. Èkíní ni èròjà: kí ni ó wà níhìn-ín, kí ni ó wà lọ́hùn-ún? Èkejì ni orísun: kí ni ó ń dá pápá náà sílẹ̀? Ìbéèrè méjèèjì dàbí ohun tí ó rọrùn. Ṣùgbọ́n ohun kan náà lè jẹ́ èròjà nínú pápá kan, kí ó jẹ́ ààlà nínú èkejì, kí ó sì dàbí ẹni pé kò sí rárá nínú ẹ̀kẹta. Bí ìperí bá pa ipò wọ̀nyí pọ̀, ìdáhùn tí yóò jáde yóò jẹ́ irọ́ tí ó wọ aṣọ òótọ́.

Àpẹẹrẹ kan wà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ tí ó lè mú ọ̀rọ̀ náà yé ni. Ní Ṣágámù, ibùdó ìpín-iná kan wà tí wáyà 132,000 fóòtì ń gbé iná wọ̀. Háí téńṣọ̀n ni àwọn ará ìlú ń pe irú wáyà bẹ́ẹ̀. Àlàfo tí ìlànà ní kí a fi sílẹ̀ fún un ní Nàìjíríà jẹ́ mítà 30, ìyẹn mítà 15 ní apá ọ̀tún àti mítà 15 ní apá òsì. Síbẹ̀, kì í ṣe ohun tuntun ní àwọn ìlú wa láti rí ìsọ̀ onípáànù, ibi tí a ń tún mọ́tò ṣe, tàbí ilé gbígbé pàápàá, lábẹ́ háí téńṣọ̀n. Ẹni tí ó ń tajà níbẹ̀ yóò fẹ́ mọ̀ bóyá ohunkóhun ń ti òkè wá bá òun. Ìdáhùn wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni ó pín sí, nítorí pé pápá méjì ni wáyà náà ń dá sílẹ̀.

Pápá, àti ohun tí a pè ní adúró

Àwọn kan ti dábàá “agbègbè agbára” fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní field. Agbára ti ru ẹrù jù nínú èdè sáyẹ́ǹsì wa, nítorí pé òun náà ni a ń lò fún okun, fún ipá, àti fún iye iṣẹ́ tí ẹ̀rọ lè ṣe. Pápá sàn jù ú lọ. Nínú pápá, kò sí ojú ibì kan tí a kò lè fi ìka tọ́ka sí, kí a sì béèrè pé: eélòó ni ó wà níhìn-ín, ibo ni ó sì kọjú sí? Bí ó ti rí gan-an nìyẹn pẹ̀lú pápá iná àti pápá òòfà.

Pápá adúró ni pápá tí iye rẹ̀ kì í yí padà bí àkókò ti ń lọ. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ iná yóò tako èyí lójú ẹsẹ̀, yóò ní iná Nàìjíríà ń lọ, ó sì ń bọ̀, ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbì iná tí ó ń yára tó bẹ́ẹ̀ gùn tó kìlómítà 6,000. Láti Ṣágámù dé Lọ́ńdọ̀nù kò tó bẹ́ẹ̀. Òpó irin àti ìsọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ju ìwọ̀n mítà mélòó kan lọ. Nítorí náà, ní ìṣẹ́jú èyíkéyìí tí a bá dá ìran náà dúró bí ìgbà tí a ya fọ́tò, pápá tí ó yí òpó náà ká rí bí ẹni pé kò yí padà rí. Fọ́tò mélòó kan tí a yà ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a óò fi mọ gbogbo ìrìn rẹ̀.

Orísun

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ tú ká. Nígbà tí gílóòbù bá ń jó bàìbàì, ohun tí ènìyàn ń wí ní ìgboro ni pé kọ́rẹ́ǹtì kéré, tàbí pé háàfù kọ́rẹ́ǹtì ni wọ́n mú wá. Ìwọ̀n fóòtì ni ó kéré ní tòótọ́. Ìwọ̀n fóòtì ni ohun tí ó ń ti iná. Ìṣàn iná, tí a ń fi áńpíà wọ̀n, ni ohun tí ń ṣàn. Wáyà lè ní fóòtì púpọ̀ kí ohunkóhun má ṣàn nínú rẹ̀, bí omi inú táǹkì tí a kò ṣí ẹ̀rọ rẹ̀. Kì í ṣe àbùkù fún ará ìgboro pé ó pa méjèèjì pọ̀, nítorí pé gílóòbù rẹ̀ kò béèrè ìyàtọ̀. Ẹni tí ó ń ṣe àfarawé kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀: ìwọ̀n fóòtì ni orísun pápá iná, ìṣàn iná sì ni orísun pápá òòfà. Bí ó bá kọ áńpíà síbi tí fóòtì yẹ kí ó wà, pápá mìíràn ni yóò rí.

Wáyà mẹ́ta ni òpó náà gbé. Iye 132,000 fóòtì jẹ́ ti àárín wáyà kan sí èkejì. Láti wáyà kan sí ilẹ̀, nǹkan bí 76,200 fóòtì ni, ṣóńṣó rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 107,800. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fara balẹ̀ yóò kọ 132,000 sí ara wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní àsìkò tí wáyà kan bá wà ní ṣóńṣó, ìdajì iye yẹn ni ti àwọn méjì yòókù, òdì-kejì sì ni wọ́n kọjú sí. Bí a bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, òfo ni.

Ìṣirò tí a lè fi pẹ́ńsù ṣe fi bí èyí ti ṣe pàtàkì tó hàn. Kí a gbà pé wáyà mẹ́ta wà ní ẹsẹ kan náà, mítà 10 sókè sí ilẹ̀, mítà 5 sì wà láàárín wọn, tí ṣóńṣó ìṣàn iná ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ áńpíà 200. Ẹni tí ó dúró nílẹ̀ lábẹ́ wáyà àárín yóò gba máíkrótẹ́sílà 4 láti ọ̀dọ̀ wáyà àárín nìkan. Bí a bá ṣe àṣìṣe, tí a kọ áńpíà 200 sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ojú kan náà, àpapọ̀ wọn yóò jẹ́ 10.4. Bí a bá kọ 200 sí àárín, tí a sì kọ 100 sí àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ní ojú òdì-kejì bí ó ti tọ́, àpapọ̀ yóò wálẹ̀ sí 0.8. Pápá tí wáyà mẹ́ta ń dá sílẹ̀ ń jẹ ara rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má tíì kí ara wa kú oríire. Ní ìṣẹ́jú tí ìṣàn inú wáyà àárín bá jẹ́ òfo, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ń gbé áńpíà 173 ní ojú òdì sí ara wọn, pápá tí ó wà ní ibi kan náà yóò sì jẹ́ nǹkan bí 2.8, tí ó kọjú sókè-sódò. Fọ́tò kan ṣoṣo kò tó. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn náà sì kéré púpọ̀ sí máíkrótẹ́sílà 200 tí àjọ àgbáyé tí ń jẹ́ ICNIRP fi ṣe òdiwọ̀n fún ará ìlú ní 2010. Ní ti pápá òòfà nìkan, ọkàn ìyálójà wa lè balẹ̀.

Èròjà

Ohun-èlò ni àwọn ògbufọ̀ mìíràn ń lò fún material. Ohun-èlò sì ti jẹ́ orúkọ ọkọ́, àdá, àga àti pátákó ìkọ̀wé. Ohun tí a ń lò ni. Èròjà ni ohun tí a fi ṣe nǹkan, bí ata àti iyọ̀ ti jẹ́ ti ọbẹ̀. Afẹ́fẹ́, irin, sìmẹ́ǹtì, igi àti ara ènìyàn, èròjà ni gbogbo wọn nínú àfarawé. Èyí tí a sábà máa ń gbàgbé ni afẹ́fẹ́. Nínú FEMM, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, ìṣirò kò ní bẹ̀rẹ̀ rárá bí a kò bá sọ èròjà tí ó kún ibì kọ̀ọ̀kan, títí kan ibi tí ojú rí gẹ́gẹ́ bí òfìfo.

Èròjà kọ̀ọ̀kan ní ìwà mẹ́ta tí àfarawé lè béèrè. Èkíní ni ìgbéná, bí ó ti rọrùn tó fún iná láti ṣàn nínú rẹ̀. Èyí tí ó ní i púpọ̀ ni agbéná, èyí tí kò ní i ni aláìgbéná. Èkejì ni ìgbòòfà, bí èròjà náà ti ń gba òòfà sára tó. Ẹ̀kẹta ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní permittivity, òun ni ó sì le jù láti sọ lórúkọ. “Ìfàyègbà” ni ẹni tí ó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà yóò kọ. Orúkọ yìí yóò tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ, yóò rò pé bí ìfàyègbà bá ti pọ̀ tó ni pápá yóò ti lágbára tó nínú èròjà náà. Òdì-kejì rẹ̀ ni òtítọ́. Bí a bá gbé èròjà tí iye yìí pọ̀ nínú rẹ̀ sínú pápá iná, ńṣe ni pápá inú rẹ̀ ń dín kù. “Ìdínpápákù” sọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, kò sì ya olùkọ́ lẹ́nu láti pè é.

Nínú pápá òòfà, ìgbòòfà nìkan ni ó ka nǹkan. Ìgbòòfà afẹ́fẹ́, igi, iyẹ̀pẹ̀, ògiri búlọ́ọ̀kù àti ara ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Nítorí náà, lójú pápá òòfà, ìsọ̀ tí a fi pákó kàn àti ilé tí a fi sìmẹ́ǹtì mọ dàbí ẹni pé wọn kò sí. Ẹni tí ó bá sọ fún àwọn ará ilé pé ògiri ń dáàbò bò wọ́n kúrò lọ́wọ́ pápá òòfà ti ṣì wọ́n lọ́nà. Irin ni ó yàtọ̀, ìgbòòfà rẹ̀ lè ju ti afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n iye yẹn kì í dúró sójú kan. Irin máa ń yó: nígbà tí pápá inú rẹ̀ bá tó nǹkan bíi tẹ́sílà 2, bí a tilẹ̀ fi ìṣàn iná kún un, díẹ̀ ni ó ń gbà mọ́. Ìyó ni ó yẹ kí a pe ìwà yìí, kò sì sí Yorùbá tí yóò béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ní ibi tí irin bá ti lè yó, nọ́ńbà kan kò tó láti fi sọ ìgbòòfà rẹ̀. Ìlà títẹ̀ tí a wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìyó ni a óò fún kọ̀ǹpútà.

Òòfà ayérayé, irú èyí tí ó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò, wà láàárín ọ̀nà méjèèjì. Èròjà ni, orísun sì ni. Ní Ìkẹ́nnẹ́, níbi tí Tai Solarin ti dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní 1956, àti ní ilé-ẹ̀kọ́ girama èyíkéyìí, olùkọ́ lè fi irú òòfà bẹ́ẹ̀ sábẹ́ bébà, kí ó wọ́n ìyẹ̀fun irin sí i lórí, kí ojú rí ìlà pápá. Bí ó bá fẹ́ ṣe àfarawé ohun tí ojú rí yìí, kò gbọdọ̀ kọ “irin” síbẹ̀ kí ó máa retí pápá. Yóò kọ iye òòfà tí ó kù sínú rẹ̀, nǹkan bíi tẹ́sílà 0.4 fún òòfà dúdú ti inú ọ̀pọ̀ sípíkà, àti ojú tí ó kọ sí. Bí ó bá yí ojú náà padà láìmọ̀, àríwá di gúúsù, kọ̀ǹpútà kò sì ní sọ pé àṣìṣe wà.

Ilẹ̀ òkúta ẹfun àti òrùlé páànù

Nínú pápá iná ni wàhálà àwọn tí ó wà lábẹ́ háí téńṣọ̀n gbé wà. Ilẹ̀ Ṣágámù ní òkúta ẹfun nísàlẹ̀. Òun ni ó mú ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wá síbẹ̀ ní 1978. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa wá ìdínpápákù òkúta ẹfun kiri nínú ìwé. Làálàá lásán ni. Ilẹ̀ tí omi òjò ń dé gbé iná tó bẹ́ẹ̀ tí ẹrù iná orí rẹ̀ fi ń rí ààyè tò kí wáyà òkè tó yí padà. Lójú pápá iná tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìgbà 50, agbéná pátápátá ni iyẹ̀pẹ̀ àti òkúta abẹ́ rẹ̀. Ààlà ni kí a pè é, kí a kọ òfo fóòtì sí i, kí a má sì ya ohunkóhun sísàlẹ̀ rẹ̀. Nínú pápá òòfà, ilẹ̀ kan náà kì í ṣe ààlà. Bí afẹ́fẹ́ ni ó rí, a sì gbọ́dọ̀ ya á dé ìsàlẹ̀ jíjìn.

Ògiri búlọ́ọ̀kù àti ara ènìyàn tẹ̀lé ilẹ̀ nínú èyí: agbéná ni àwọn náà jẹ́ lójú pápá iná. Ìdí nìyẹn tí pápá iná inú ilé oníbúlọ́ọ̀kù fi kéré sí ti ìta. Ògiri tí kò dá pápá òòfà dúró, ó dá pápá iná dúró.

Òrùlé páànù tí ó jókòó lórí òpó igi gbígbẹ ni kò bá ẹnikẹ́ni ṣe. Agbéná ni, ṣùgbọ́n kò fi ara kan ilẹ̀. Bí a bá kọ òfo fóòtì sí i, kọ̀ǹpútà yóò kà á sí ilẹ̀, yóò sì jẹ́rìí pé kò séwu. Bí a bá kọ “afẹ́fẹ́”, òrùlé pòórá. Kò sì sí ẹni tí ó lè kọ ìwọ̀n fóòtì rẹ̀ gan-an, nítorí pé òun ni a ń wá. Ohun tí a mọ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó kó ẹrù iná sí i lórí: àpapọ̀ ẹrù iná rẹ̀ jẹ́ òfo, ìwọ̀n fóòtì rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan káàkiri ara rẹ̀. Irú agbéná báyìí ni a lè pè ní agbéná aláìkanlẹ̀. FEMM fi ààyè sílẹ̀ fún un: a óò yan pé àpapọ̀ ẹrù iná ni a fẹ́ kọ dípò ìwọ̀n fóòtì, a óò sì kọ òfo. “Ẹrù iná” níhìn-ín ni ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní charge. Àwọn oníná máa ń pe ẹ̀rọ tí ó ń fa iná ní lóòdù. Ó dára kí lóòdù máa jẹ́ tiwọn, kí a má fi ẹrù iná túmọ̀ rẹ̀.

Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó dúró lórí ilẹ̀ tútù, tí ó sì na ọwọ́ kan òrùlé náà, àfarawé kejì ni yóò sọ ọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni a óò wá kọ òfo fóòtì sí páànù, nítorí pé ọwọ́ ti so ó mọ́ ilẹ̀, a óò sì béèrè ẹrù iná tí ó kó jọ sórí rẹ̀. Bí a bá sọ ẹrù iná náà di ìlọ́po 314, tí í ṣe ìlọ́po 50 pẹ̀lú ìlọ́po méjì pai, a ó rí áńpíà tí yóò gba ara ẹni náà kọjá. Fún òrùlé ìsọ̀ kan tí ó fẹ̀ tó mítà 20 níbùú-lóòró, nínú pápá fóòtì 1,000 lórí mítà kan, iye náà kò ju mílíáńpíà 0.06 lọ bí a kò bá ka gíga òrùlé náà sí. Gíga rẹ̀ yóò sì fi kún un. Kò tó ohun tí ara ń mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ìsọ̀ mẹ́wàá bá tò, tí wọ́n kan páànù wọn mọ́ ara wọn, ó di 0.56, òdiwọ̀n ICNIRP fún fífọwọ́kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ 0.5. Wáyà kan tí a so mọ́ páànù, tí a sì rì mọ́lẹ̀ dáadáa, ni ó yẹ kí ó gba ìṣàn yìí dípò ọwọ́ ènìyàn. Nínú àfarawé, òrùlé tí ó ní irú wáyà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aláìkanlẹ̀ mọ́. Òfo fóòtì ni a óò kọ sí i, lọ́tẹ̀ yìí yóò sì jẹ́ òótọ́.